Ẹ dákun, ogun Bọ́mà kì í ṣe ogun Mùsùlùmí

Ẹ̀yin ará ilé, fọ́ìsì tí gbogbo wa ń fọ́wáàdì láti Jímọ̀ yẹn, tó ní Mùsùlùmí ni gbogbo àwọn tó ń bá ṣọ́jà jà ní Myanmar (Bọ́mà àtijọ́ náà ni), irọ́ ni o. Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ní Ọjà Ọba ni mo ti gbọ́ ọ, bàbá kan tiẹ̀ ti ń ṣàdúà lé e lórí, omi lójú.

Ọjọ́ kìíní Fẹ́búárì 2021 ni Min Aung Hlaing, ọ̀gá àwọn ṣọ́jà, fipá gbàjọba lọ́wọ́ àwọn Aung San Suu Kyi tí ará ìlú dìbò yàn, ìkòkò àti páànù làwọn ará ìlú kọ́kọ́ ń lù lálaalẹ́, wọ́n ní ó ń lé ẹ̀mí burúkú (ẹ ò rí nǹkan), ìgbà tí ṣọ́jà wá ń yìnbọn lù wọ́n làwọn ọ̀dọ́ wọgbó lọ kọ́ ìjà, ẹlẹ́sìn Búdà ló sì pọ̀ nínú wọn, bíi tàwọn ṣọ́jà náà. Àwọn ẹ̀yà Chin tó ń jà, Kìrìsìtẹ́nì ló pọ̀ jù.

Ẹ̀yà Rohingya ni Mùsùlùmí, ìyà sì jẹ wọ́n lóòótọ́, ó lé ní 700,000 tó sá lọ Bangladesh, àmọ́ 2017 nìyẹn. Arakan, ní ìwọ̀-oòrùn Myanmar, ni wọ́n ti sá, ibẹ̀ náà làwọn ṣọ́jà Nàìjíríà tí òyìnbó kó lọ ogun Bọ́mà ayé ìjọ́un, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ti jà.