Ìbéèrè Tí Wọ́n Ń Bi Yín Lórí 999 Kọ́ Ló Ń Dá Áńbúláǹsì Dúró

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ni, nínú fúláàtì kan ní àjà kẹfà, ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìpàdé àdúrà ti parí, wọ́n ti ń bu ìrẹsì sáwo, ni Màmá tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé bá yọ̀ láti orí àga, ó di ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Igbe "Jésù!" gba gbogbo ilé kan. Bùrọ̀dá tó sún mọ́ ọn jù lọ fa fóònù yọ, ó pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì Ìlú Ọba. Mo dúró tì í, mo sì ń gbọ́ ohùn obìnrin tó ń bá a sọ̀rọ̀. Ó béèrè bóyá ẹni náà ń mí. Bùrọ̀dá ní ó ń mí, ó tiẹ̀ ń hanrun. Ó béèrè ibi tá a wà. Bùrọ̀dá dárúkọ òpópónà. Ó béèrè bóyá Màmá lajú. Nígbà tó máa fi dé orí ìbéèrè kẹrin, Bùrọ̀dá ti gbaná jẹ: "Èèyàn ń kú lọ, ẹ ń bi mí ní ìbéèrè! Ẹ rán áńbúláǹsì wá ná!" Ló bá pa fóònù.

Mi ò bá a jà. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ló wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ nínú wa, pé ọkọ̀ ò ní gbéra àfi tí wọ́n bá béèrè ọ̀rọ̀ wọn tán. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, mo sì ti rí i lórí WhatsApp níbi tí wọ́n ti ń gba ara wọn nímọ̀ràn pé kéèyàn ṣáà pe àdírẹ́sì, kó sì pa fóònù. Ìmọ̀ràn yẹn lè pa èèyàn, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ìpè kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ 999 ní Ìlú Ọba, òṣìṣẹ́ BT, iléeṣẹ́ tẹlifóònù, ló kọ́kọ́ ń gbé e. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé panápaná lẹ fẹ́ ni, àbí ọlọ́pàá, àbí áńbúláǹsì? Wọ́n á so yín mọ́ ibi tó yẹ, wọn ò sì ní fi yín sílẹ̀ títí ẹni tó wà lọ́hùn-ún á fi dáhùn. Bó bá jẹ́ áńbúláǹsì Lọ́ńdọ̀nù ni, ẹni tó bá gbé fóònù á máa tẹ ọ̀rọ̀ yín sínú kọ̀ǹpútà bí ẹ ṣe ń sọ ọ́. Ẹlòmíràn wà tí kì í bá yín sọ̀rọ̀ rárá. Òun ló ń wo máàpù, tó mọ ibi tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan wà, tó sì ń rán wọn níṣẹ́. Ohun tí ẹ ń sọ fún ẹni àkọ́kọ́ ń yọ sójú kọ̀ǹpútà ẹni kejì yìí. Bí wọ́n bá ti lè mọ ibi tí ẹ wà, tí wọ́n sì mọ̀ pé ẹni náà kò mí dáadáa, ọkọ̀ ti ń gbéra, ẹ ṣì wà lórí fóònù. Ẹni tó ń bi yín ní ìbéèrè kọ́ ló máa wa ọkọ̀ wá. Bó bá ń bá yín sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò dá táyà kankan dúró.

Mi ò ní tàn yín, ó níbi tí ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn wa ti fara kan òótọ́. Láti ọdún 2017 ni wọ́n ti yí ètò yìí padà ní Ẹ̀ńgíláǹdì. Ìpè tí ẹ̀mí bá ti fẹ́ bọ́ níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ìsọ̀rí kìíní, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n sì ń rán ọkọ̀ sí i. Ní ti àwọn ìpè yòókù, ẹni tó gbé fóònù láǹfààní láti lo tó 240 ìṣẹ́jú-àáyá, ìyẹn ìṣẹ́jú 4, kó lè mọ ohun tó ń ṣe aláìsàn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú tí ọkọ̀ fi ń dé. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń sáré rán ọkọ̀ méjì mẹ́ta síbì kan náà láì tíì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n á wá máa dá àwọn kan padà lójú ọ̀nà. Ọkọ̀ tó yẹ kó wà lọ́dọ̀ ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró á ti lọ bá ẹni tó fẹsẹ̀ rọ́.

Ìlànà wọn ni pé, tí a bá ṣe ìpíndọ́gba gbogbo ìpè, kí ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà ní ìsọ̀rí kìíní láàárín ìṣẹ́jú 7. Ìsọ̀rí kejì, níbi tí àrùn rọpárọsẹ̀ àti àyà dídùn wà, ìṣẹ́jú 18 ni. Ìkẹta lè gba wákàtí 2, ìkẹrin wákàtí 3. Gbogbo ẹni tó ń gbé níbí ló mọ̀ pé wọn kì í fìgbà gbogbo bá a. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, kí ló ń sọ bóyá ìṣẹ́jú 7 ni tiyín àbí wákàtí 2? Ìdáhùn yín ni. Ẹni tó ní "ara Dádì ò yá" tó sì pa fóònù, kò sọ nǹkan kan tó lè gbé Dádì síwájú. Ẹni tó dúró, tó ní ẹnu Dádì ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò lè gbé ọwọ́ òsì sókè, ọ̀rọ̀ ò sì já gaara lẹ́nu rẹ̀ láti nǹkan bí ìdajì wákàtí, ti jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé rọpárọsẹ̀ ni, wọ́n á sì gbé ìpè rẹ̀ sókè. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá sá mọ́ yín lẹ́nu, ẹ sọ "Yoruba", kí ẹ sì dúró. Wọ́n lè pe ògbufọ̀ sórí fóònù.

Mo mọ ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti wá. Ọ̀pọ̀ wa dàgbà síbi tí ìbéèrè ti jẹ́ ìdènà. Wọ́n á gbé aláìsàn dé ọsibítù tòun ti ẹ̀jẹ̀, ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà á ní kí wọ́n lọ gba káàdì ná. Ta ló máa sanwó? Ìwé ọlọ́pàá dà? Mo wà níbi kan bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ṣì kéré, a ṣì ń wá owó káàdì nígbà tí wọ́n fi aṣọ bo ẹni tá a gbé lọ lójú. Ẹni tójú ẹ̀ bá ti rí irú ìyẹn, ìbéèrè kẹrin lórí fóònù á máa dún létí rẹ̀ bíi "ẹ lọ sanwó ná." Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè bínú sí Bùrọ̀dá. Ní Èkó náà, bí ẹ bá pe 112 tàbí 767, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ibi tí ẹ wà ni kí ẹ fara balẹ̀ ṣàlàyé jù. Ilé tí kò ní nọ́ńbà pọ̀, torí náà "ẹ̀yìn ilé epo, ọ̀kánkán mọ́sáláṣí, géètì aláwọ̀ ewé" jẹ́ àdírẹ́sì gidi.

Ti panápaná ò yàtọ̀. Yàrá tí wọ́n ti ń gba ìpè fún gbogbo Lọ́ńdọ̀nù wà ní Merton. Bí wọ́n bá ti gbọ́ àdírẹ́sì, tí wọ́n sì gbọ́ pé iná ń jó, àṣẹ ti dé téṣàn nìyẹn, àwọn panápaná á sì máa ki ẹsẹ̀ bọ bàtà nígbà tí ẹ ṣì ń ṣàlàyé. Wọ́n fẹ́ kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ dé láàárín ìṣẹ́jú 6, kí ìkejì dé láàárín ìṣẹ́jú 8, ní ìpíndọ́gba. Kí ló ń jó? Àjà wo ni? Ṣé èèyàn wà nínú ilé? Èsì yín ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá kí wọ́n fi ọkọ̀ kún un, tàbí kí wọ́n rán èyí tó ní àkàbà gígùn.

Ẹ rántí iná ilé gogoro Grenfell, ní North Kensington ní Lọ́ńdọ̀nù, lóru ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2017. Aago 00:54 ni wọ́n kọ́kọ́ pè, àwọn panápaná sì ti débẹ̀ kí aago kan tó lù. Ọkọ̀ ò pẹ́, síbẹ̀ èèyàn 72 ló kú. Ohun tí wọ́n fi bo ara ilé náà ló ń jó gòkè, àwọn tó ń pe 999 látinú fúláàtì wọn sì ń gbọ́ pé kí wọ́n dúró síbi tí wọ́n wà, fún ohun tó lé ní wákàtí kan ààbọ̀ lẹ́yìn ìpè àkọ́kọ́. Ìròyìn ìwádìí ìjọba tó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2019 sọ pé ọ̀rọ̀ ò lọ bọ̀ bó ṣe yẹ láàárín yàrá ìpè àti àwọn ọ̀gá tó wà nídìí iná. Ẹni tó ń gbé fóònù kò rí iná. Ẹni tó ń pè ló rí i pé èéfín ti wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, pé àwọn ọmọ méjì wà nínú yàrá. Àwọn èèyàn yẹn ni mo máa ń rántí bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé ìbéèrè ò wúlò.

Bó bá jẹ́ ìdádúró gan-an là ń wá, ìtàn 999 fúnra rẹ̀ fi èyí tó burú jù hàn wá. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1935, ilé kan jóná ní Wimpole Street ní Lọ́ńdọ̀nù, obìnrin márùn-ún kú. Aládùúgbò tó rí iná náà pe panápaná, ṣùgbọ́n ìpè rẹ̀ tò sẹ́yìn àwọn ìpè mìíràn, ẹnikẹ́ni ò gbé e. Ó fi ìbínú kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn The Times. Ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 1937 ni 999 bẹ̀rẹ̀.

Ẹlòmíràn á ní ṣebí wọ́n ń rí ibi tí òun wà. Lóòótọ́, fóònù ìgbàlódé ń fi ibi tí ẹ wà ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ bí ẹ bá pe 999, ọdún 2014 ni BT bẹ̀rẹ̀ ètò náà. Ṣùgbọ́n ó lè mú wọn dé ìdí ilé kó má sọ àjà, kó má sì sọ ilẹ̀kùn. Ìmọ̀ràn tí wọ́n ń pín kiri náà, pé kéèyàn tẹ 55 lẹ́yìn tó bá ti pe 999, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá nìkan ló ń gbé ìpè ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ lọ, kì í fi ibi tí ẹ wà hàn.

Ilẹ̀kùn yìí gan-an ló fẹ́ pa wá lára lọ́jọ́ Màmá. Kí n tó fa fóònù tèmi yọ, ti Bùrọ̀dá dún. Àwọn áńbúláǹsì ló pè padà. Mo gbà á. Obìnrin náà ò bínú rárá, ó ní ọkọ̀ ti ń bọ̀ sí òpópónà wa, àmọ́ nọ́ńbà wo ni? Ọ̀pọ̀ àwa tá a wà níbẹ̀, àlejò ni wá, a ò mọ postcode. Ìyàwó onílé sáré ti kíṣìnì wá, ó pariwo rẹ̀ síta. Obìnrin náà tún béèrè bóyá Màmá ń mí. Mo ní ó ń mí, ó ń hanrun. Ó ní kí n wo àyà rẹ̀, kí n máa sọ "ó mí" nígbàkúgbà tó bá fa èémí sínú.

Mo ní, "Ó mí." Ilé dákẹ́. Mo kà á nínú ara mi títí mo fi dé mọ́kànlá. "Ó mí."

Ó ní ìyẹn kì í ṣe mímí. Ó ní ká tẹ́ Màmá gbalaja sórí ilẹ̀, kí n kúnlẹ̀, kí n fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ lé àárín àyà rẹ̀, kí n gbé ọwọ́ kejì lé e, kí n sì tẹ̀ ẹ́ wọlé sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, léraléra, kíákíá. Ó ń bá mi kà á: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ń bi àwọn tó kù bóyá wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn, bóyá ẹnì kan ti lọ dúró ní ìsàlẹ̀, lífítì ńkọ́? Ìbéèrè ló ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí sáírìn dún lábẹ́ fèrèsé.

Màmá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ọsibítù, Ìjẹ̀bú-Òde ló wà báyìí. Ìwé kan sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn fúláàtì yẹn, Bùrọ̀dá ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ ní lẹ́tà ńlá: orúkọ ilé, nọ́ńbà fúláàtì, postcode, nọ́ńbà tí wọ́n ń tẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ìsàlẹ̀, àti pé lífítì ọwọ́ òsì nìkan ló ń dúró ní àjà kẹfà.