Ẹ Fi Òkè Mi Sílẹ̀ fún Mi

Bọ̀ọ̀dá mi tún ti ránṣẹ́ láti Òṣogbo. Wọ́n rí fídíò òkè oníná kan lórí fóònù, ó di, "Ìwọ ọmọ yìí, o ò tíì kó kúrò níbẹ̀?" Bí mo bá ti gbé fọ́tò Òkè Rainier, òkè oníná tó wà nítòsí wa níbí, sórí status báyìí, wàhálà dé. Ẹlòmíì á rí yìnyín funfun, bọ̀ọ̀dá mi á rí pósí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń sọ pé owó ilé tí kò wọ́n ló gbé mi dé Orting, ìlú tí mò ń gbé ní àfonífojì ìsàlẹ̀ òkè náà, mo gbọ́.

Oṣù Kọkànlá ni mo dé ìpínlẹ̀ Washington, ní Amẹ́ríkà. Òjò winniwinni láàárọ̀, òjò winniwinni lálẹ́, ilẹ̀ á ti ṣú kí aago márùn-ún tó lù. Wọ́n ní òkè kan wà, èmi ò rí nǹkan kan. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo ti iṣẹ́ alẹ́ jáde, ẹsẹ̀ mi wú, ọkàn mi ti wà lórí owó táá gbé mi padà sílé. Mo gbójú sókè níbi tí mo páàkì sí, ó dúró gbagidi níwájú mi! Ìkùukùu ni mo kọ́kọ́ pè é. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, yìnyín ibẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ìyókù ṣì wà nínú òjìji. "Òkè ti jáde lónìí," òyìnbó tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló sọ bẹ́ẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo jókòó sínú mọ́tò, mo sunkún dáadáa. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti ka owó ọkọ̀ òfuurufú mọ́.

Mi ò ní kò léwu o. Ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 14,410, glacier orí rẹ̀, ìyẹn òkìtì yìnyín ńláńlá tó ń rìn díẹ̀díẹ̀, lé ní 25. Ẹrẹ̀ tó ṣàn wá láti ara rẹ̀ ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn la kọ́lé lé. Lahar ni wọ́n ń pè é, á máa bọ̀ bíi kọnkéré tútù, tòun ti igi àti àpáta. Mọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù, ní aago 12 ọ̀sán, wọ́n á dán fèrè ìkìlọ̀ wò. Ajá aládùúgbò á gbè é, àwa á máa jẹun wa lọ.

Àmọ́ ní 2024, wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ilé ìwé àfonífojì yìí jáde láti fi sísá kọ́ra. Ọmọ mi dé, ó ní, "Mọ́mì, tẹ́ ẹ bá wà níbi iṣẹ́ ńkọ́?" Mo ní màá sáré wá. Ọ̀nà wo ni màá gbà, ìyẹn ni mi ò mọ̀.

Mo ti ń wo ilé ní Bonney Lake báyìí, ibẹ̀ ga. Ohun tí mo kọ́kọ́ bi ẹni tó ń ta ilé ni bóyá òkè hàn láti ojú fèrèsé.