Abọ́ ìfọwọ́ kan, ọwọ́ mẹ́rin

Ọmọ Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun: Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará Òṣogbo. Mo yà sí búkà kan lánàá nítòsí Ọláìyá. Àmàlà gbóná, ewédú ń fà. Àwa mẹ́rin tí a ò mọra rí ni wọ́n gbé abọ́ omi ìfọwọ́ kan ṣoṣo fún. Ẹni tó kọ́kọ́ fọwọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ni. Omi ti dúdú kó tó kàn mí. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́rọ tí wọ́n gbé sẹ́nu ọ̀nà lọ́dún 2020 ṣì wà níbẹ̀, pọ̀nmọ́ ni wọ́n rẹ sínú ẹ̀. Ṣé bí kòrónà ṣe lọ, ìmọ́tótó bá a lọ ni?

Àgbà Òkè-Baálẹ̀: Ọmọ mi, inú abọ́ yẹn la ti ń fọwọ́ kí wọ́n tó bí ẹ. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Nígbà kòrónà tí wọ́n ní ká máa di oúnjẹ sí ọ̀rá lọ sílé, èmi nìkan ni mò ń dá jẹ iyán, tí mò ń wo ògiri. Mi ò fẹ́ irú ẹ̀ mọ́ láé.

Nọ́ọ̀sì Abíyè: Ẹ̀mí yín á gùn, Bàbá. Ẹ jókòó jẹun pẹ̀lú èèyàn. Èémí ni kòrónà ń gbà ràn jù, nítorí náà búkà tí atẹ́gùn ń fẹ́ já sàn ju yàrá tí wọ́n ti fèrèsé ẹ̀ pa. Ṣùgbọ́n abọ́ yẹn, ọ̀nà onígbáméjì àti taifọ́ọ̀dù ni. Ẹlòmíì ń gbé kòkòrò taifọ́ọ̀dù kiri, ara ẹ̀ sì dá ṣáká. Tó bá jáde nílé ìgbẹ́ tí kò fọṣẹ fọwọ́, ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ á bọ́ sómi, ìwọ á fi omi náà fọwọ́, wàá fọwọ́ ọ̀hún kó òkèlè sẹ́nu.

Ìyá Olóúnjẹ Ìgbọ̀nà: Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ tiwa náà. Kànga mi máa ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn, omi táńkà ni mò ń rà. Mo sọ fún oníbàárà kan pé kó dìde lọ fọwọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ṣé ẹlẹ́gbin lòun ni. Ó fi oúnjẹ sílẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ. Ta ló pàdánù?

Ọmọ Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun: Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ fowó omi lé àmàlà, n ó san án.

Ará Ayétòrò: Ìwọ á san án, ẹlòmíì á lọ sí búkà kejì. Àfi kí wolé-wolé máa wọ gbogbo búkà déédéé, kì í ṣe ìgbà àjàkálẹ̀ àrùn nìkan. Kí wọ́n dé ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú, kí wọ́n wo omi tí wọ́n fi ń ṣan abọ́. Àkísà kan náà ni mo rí tí wọ́n fi nu tábìlì, tí wọ́n tún fi nu ṣíbí. Oṣù kẹjọ, àlejò ọdún Ọ̀ṣun á kún ìlú yìí. Kí la fẹ́ fún wọn jẹ?

Àgbà Òkè-Baálẹ̀: Nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ ilé ìgbẹ́ yẹn wọ̀ mí létí. Bútà ńkọ́? Ẹ gbé abọ́ sísàlẹ̀, kí ọmọ kan máa fi bútà da omi síni lọ́wọ́. Omi tó bá ti ẹnu bútà jáde kì í padà sínú ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Abíyè: Ó dáa gan-an, Bàbá! Kí wọ́n fi ọṣẹ kún un, kí wọ́n sì máa da omi abọ́ nù.

Ìyá Olóúnjẹ Ìgbọ̀nà: Bútà ò wọ́n jù. Tábìlì mẹ́fà ni mo ní, bútà mẹ́ta á tó. Ọmọ tí yóò máa dà á ni mi ò tíì rí.