Aṣọ báǹkì lọ́rùn, ìwé iṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń ká mi lára láti ọjọ́ tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti wá bẹ̀ mí pé kí n ṣe onídùúró fún òun láti yá owó ilé. Dùgbẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ báǹkì, ọdún kẹfà rẹ̀ rèé nídìí kàǹtà, mo sì bi í pé kí ló dé tí kò yá a níbi iṣẹ́ rẹ̀, níbi tí èlé ti máa ń kéré fún òṣìṣẹ́. Ó ní, "Àǹtí, mo ti béèrè. Wọ́n ní n kì í ṣe òṣìṣẹ́ àwọn." Ó wá fi ìwé owó oṣù rẹ̀ hàn mí: orúkọ ilé-iṣẹ́ kan tí ó wà l'Ékòó ni wọ́n tẹ̀ sí i, ilé-iṣẹ́ tí kò fẹsẹ̀ tẹ̀ rí. Àmì báǹkì wà láyà ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, bí owó bá sì dín nínú àpótí rẹ̀ nírọ̀lẹ́, òun ni yóò san án, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń buwọ́ lu ìwé owó yíyá ní yàrá kejì ní kí ó lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó gbà á síṣẹ́.

Àwọn kan yóò ní báǹkì ń dín ìnáwó kù ni. Ṣùgbọ́n báǹkì náà ló ń pèsè owó oṣù ọmọ yìí, ó tún ń san owó iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe, ìyẹn ilé-iṣẹ́ Èkó tí ó kó o wá, owó orí VAT ìdá 7.5 nínú 100 sì tún wà lórí owó iṣẹ́ ọ̀hún. Ojú ẹgbẹ́ ni mo rí i pé wọ́n ń wò. Láti ìgbà tí Soludo, gómìnà Báǹkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà (CBN) nígbà náà, ti pàṣẹ ní 2004 pé kí báǹkì kọ̀ọ̀kan ní owó ìdókòwò bílíọ̀nù 25 náírà, tí báǹkì 89 sì di 25, kò sí ìgbìmọ̀ olùdarí tí ó fẹ́ kí tirẹ̀ jẹ́ èyí tí wọn yóò gbé mì. Bí báǹkì kan bá ti gbé iṣẹ́ kàǹtà fún agbaṣẹ́ṣe, àwọn onípìn-ín báǹkì kejì á béèrè ìdí tí tiwọn kò fi ṣe bẹ́ẹ̀, agbani-nímọ̀ràn kan náà ni yóò sì gbé ìmọ̀ràn kan náà wá. Àwọn onímọ̀ méjì l'Amẹ́ríkà, Paul DiMaggio àti Walter Powell, ti ṣàlàyé irú èyí láti 1983: àṣẹ ìjọba, àfarawé nígbà tí ọ̀nà kò bá hàn, àti ẹ̀kọ́ kan náà tí àwọn ọ̀gá gbà, ni ó ń mú kí àwọn ilé-iṣẹ́ jọ ara wọn, yálà ó mú iṣẹ́ wọn dára sí i tàbí kò mú un.

Èyí tí ó ń dààmú mi jù ni pé ipá tí a fẹ́ kí ìjọba lò lè wà lára ohun tí ó ń mú kí báǹkì máa gba òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe. Ní oṣù kẹfà 2016, Chris Ngige, mínísítà fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ nígbà náà, pàṣẹ kí àwọn báǹkì dáwọ́ lílé òṣìṣẹ́ dúró. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé báǹkì, ta ni yóò sọ pé báǹkì lé e? Wọn yóò kàn sọ fún agbaṣẹ́ṣe pé àwọn kò nílò rẹ̀ mọ́, ó sì ṣòro kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó gbọ́.

Ní oṣù kẹta 2024, CBN tún pàṣẹ pé kí báǹkì tí ó ní ìwé àṣẹ láti ṣòwò dé òkè òkun ní owó ìdókòwò bílíọ̀nù 500 náírà, àwọn tí ó kó owó tuntun wá yóò sì béèrè èrè, èyí tí ó lè mú kí báǹkì tún gbé iṣẹ́ sí i fún agbaṣẹ́ṣe. Ohun tí mo fẹ́ ni kí òfin wà pé ẹni tí ó bá ti lo ọdún méjì nídìí kàǹtà ti di òṣìṣẹ́ báǹkì gan-an. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, bí wọ́n bá ṣe òfin yẹn, tó bá ti ku oṣù kan kí ọdún méjì pé ni wọ́n máa ní ká máa lọ." Mo ṣì gbà pé ó yẹ kí òfin náà wà, ṣùgbọ́n n kò tíì rí èsì fún ohun tí ó sọ.