Àtúnṣe: Irọ́ ni pé ọ̀dá owó 1929 ò kàn wá

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn lórí WhatsApp láàárín àwa ará Òṣogbo, pé ọ̀dá owó ńlá tó bẹ̀rẹ̀ ní 1929, àwọn olówó Amẹ́ríkà nìkan ló bá fínra. Pé àwọn baba wa ń jẹ iṣu wọn jẹ́jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ní Amẹ́ríkà gan-an, mẹ̀kúnnù ló jìyà jù. Ní 1933, nǹkan bí òṣìṣẹ́ kan nínú mẹ́rin ni kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún báńkì ló kógbá sílé, owó ọ̀pọ̀ ìdílé sì bá a lọ.

Níbí ńkọ́? Rélùwéè ti dé Òṣogbo láti 1907, ojú irin yẹn ló ń kó irè oko lọ sí Èkó. Nígbà tí òyìnbó ò rówó ra ọjà mọ́, owó kòkó já wálẹ̀. Àgbẹ̀ tó ti yáwó kí kòkó tó gbó, gbèsè tirẹ̀ ò já (ẹ bá mi wo ìyà!). Ìjọba náà ò mórí bọ́, torí owó ibodè ni wọ́n gbójú lé jù. Wọ́n gé owó oṣù, wọ́n lé òṣìṣẹ́.

Lóòótọ́, ẹni tó lóko rí iṣu jẹ. Ṣùgbọ́n owó orí ń bẹ níbẹ̀ lọ́dọọdún, ìjọba ò sì gba iṣu dípò rẹ̀.