Èsì wa fún ìyá tó fún wa ní ìràwọ̀ 2 nítorí kóòdù tí kò kúrò lójú bọ́ílà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà. Ẹ sì kú ìfaradà.

A ka ọ̀rọ̀ yín láti òkè dé ìsàlẹ̀, a tún un kà. Ẹ ní bọ́ílà tí ẹ rà lọ́wọ́ wa, ẹ̀rọ tó ń mú omi ilé àti ti rédíétọ̀ gbóná, kò tíì pé ọdún kan, ó sì ti ń kọ kóòdù pé omi kò tó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta léraléra. Ẹ ní ẹ tẹ rísẹ́ẹ̀tì, bọ́tìnnì tó ń mú un bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, títí ó fi sú yín. Ẹ ní ẹ pè wá lẹ́ẹ̀mejì, èsì kan ṣoṣo tí ẹ sì gbà ni pé kí ẹ bu omi kún un.

Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. A wo ìwé tí a ń kọ ìpè àwọn oníbàárà sí, ìpè yín méjèèjì wà níbẹ̀, èsì kan náà la kọ síwájú wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹni tó bá pè lẹ́ẹ̀kejì lórí omi tó ń dínkù, kì í ṣe pé ká tún ní kó lọ bu omi. Ó yẹ ká bi í pé níbo ni ti àkọ́kọ́ gbà lọ. A ò bi yín.

Omi tó ń yí kiri inú rédíétọ̀, irin tó ń mú inú ilé gbóná, yàtọ̀ sí èyí tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ omi. Inú páìpù tí wọ́n pa dé pátápátá ló wà, òun kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀. Kéèyàn bù kún un lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ìyẹn ò burú. Àmọ́ kéèyàn máa bù kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ó ń jò níbì kan nìyẹn. Omi tuntun sì máa ń kó afẹ́fẹ́ wọlé, afẹ́fẹ́ yẹn ló ń mú irin rédíétọ̀ dípẹtà, ìpẹtà náà á sì di ẹrẹ̀ dúdú tó ń dí ọ̀nà omi. Bí ẹ bá ti ń tẹ̀lé ìmọ̀ràn wa lọ bẹ́ẹ̀, àwa gan-an ni ì bá ba ẹ̀rọ yín jẹ́.

Ìlà tó kẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ yín ló la ojú wa. Ẹ sọ ọ́ lọ wẹ́rẹ́ ni: pé bí ilé bá ti gbóná, abẹ́rẹ́ gééjì tó ń wọn prẹ́ṣọ̀, ìyẹn agbára tí omi fi ń ti páìpù, a máa sún mọ́ 3, tó bá fi máa di àárọ̀ a ti wálẹ̀ sí òdo, ògiri ìta tó wà lábẹ́ páìpù bàbà kékeré kan a sì máa tutù rin-rin.

Mà, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Bí omi bá gbóná, ó máa ń fẹ̀. Ibi tó ń fẹ̀ sí ni ìkòkò irin kan tí wọ́n fi rọ́bà pín inú rẹ̀ sí méjì, omi lápá kan, afẹ́fẹ́ lápá kejì. Omi á ti rọ́bà náà, afẹ́fẹ́ á sún fún un. Bí afẹ́fẹ́ yẹn bá ti jò tán, tàbí tí rọ́bà náà ti ya, omi ò ríbi fẹ̀ sí mọ́, prẹ́ṣọ̀ á wá máa gòkè. Tó bá ti dé bar 3 (bar ni wọ́n fi ń ka prẹ́ṣọ̀), fáàfù ààbò á ṣí, á tu omi síta gba inú páìpù bàbà yẹn, kí nǹkan kan má baà bẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí ẹ̀ fi í síbẹ̀ ló ṣe. Ṣùgbọ́n bí ilé bá tutù padà, omi tó ṣẹ́kù ò tó mọ́, gééjì á já wálẹ̀, bọ́ílà á sì kọ kóòdù. Kóòdù náà ò parọ́, omi kò tó lóòótọ́. Ohun tó rí ló lè sọ. Kò lè sọ ibi tí omi gbà lọ.

Ohun mìíràn wà tó lè fara jọ ọ́, ẹ bá wa yẹ̀ ẹ́ wò: páìpù rírọ̀ tí wọ́n fi wáyà hun lára, èyí tí ẹ fi ń bu omi kún un. Fáàfù méjèèjì tó wà lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ pa pátápátá. Bí gééjì bá ń gòkè nígbà tí ilé tutù, a jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn ṣì ń gba omi kọjá.

Ẹ kọ ọ́ pé ẹ wá kóòdù náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibì kan ní omi ni, ibì kan ní iná ni, ọkàn yín sì dàrú. Ẹ̀bi yín kọ́. Olúkúlùkù tó ń ṣe bọ́ílà ló ní kóòdù tirẹ̀. Omi-kò-tó kan náà, F.22 ni Vaillant ń kọ, F1 ni Ideal ń kọ, E119 ni Baxi ń kọ. Iná-kò-ràn wá jẹ́ F.28 lára Vaillant, E133 lára Baxi. Ìwé tó bá bọ́ílà yín wá nìkan ni kí ẹ gbà gbọ́. Tiyín ti sọnù, ẹ ní. A ti fi òmíràn ránṣẹ́ sí yín lórí fóònù.

Ní ti rísẹ́ẹ̀tì, ohun tó ń sọ fún bọ́ílà ò ju pé kó tún gbìyànjú. Bí omi ò bá tíì tó, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ di alẹ́, kóòdù yẹn á tún yọjú. Tó bá jẹ́ kóòdù iná, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó pẹ́ tán lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì pè wá. Bí ẹ bá gbóòórùn gáàsì, ẹ má tẹ nǹkan kan, ẹ má tan iná: ẹ pa gáàsì, ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ jáde kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. Kí ẹ tó tẹ rísẹ́ẹ̀tì nígbàkigbà, ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò kóòdù àti gééjì. Fọ́tò yẹn ni a ó máa béèrè lọ́wọ́ gbogbo oníbàárà báyìí, kí a tó dá wọn lóhùn.

Ẹ bá wa bẹ ọkọ yín kó má ṣí ìbòrí ẹ̀rọ náà. Lára ọ̀pọ̀ bọ́ílà, ìbòrí yẹn wà lára ohun tó ń dí èéfín mọ́nú, carbon monoxide inú èéfín ọ̀hún ò sì ní òórùn, bẹ́ẹ̀ ni kò ní àwọ̀. Ó ń pani.

Onímọ̀ ẹ̀rọ wa tó ní ìwé àṣẹ iṣẹ́ gáàsì ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ó máa fa omi jáde, ó máa wọn afẹ́fẹ́ inú ìkòkò yẹn, ó sì máa yẹ fáàfù ààbò wò, torí bó bá ti ṣí lẹ́ẹ̀kan, ìdọ̀tí lè há sí i lẹ́nu kó má lè pa dáadáa mọ́. Ẹ ò ní san kọ́bọ̀, àtìlẹ́yìn wa ṣì wà lórí ẹ̀rọ náà. Owó tí ẹ san fún ẹni tó wá bá yín bu omi kún un lọ́sẹ̀ tó kọjá, a ti dá a padà fún yín.

Bí ẹ bá nílò omi gbígbóná kí Ọjọ́bọ̀ tó pé, ẹ bu omi kún un lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí ẹ̀rọ bá tutù, kó dé bar 1, kó má kọjá 1.5. Ẹ gbé abọ́ sábẹ́ páìpù bàbà tó wà níta, kí ẹ má jẹ́ kí ọmọdé débẹ̀, omi tó ń tú jáde níbẹ̀ lè bó èèyàn lára. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má da omi inú abọ́ náà nù títí onímọ̀ ẹ̀rọ wa á fi dé. Ó fẹ́ rí bó ṣe pọ̀ tó.