Kò sẹ́ni tó gé okùn orí òkè Matterhorn

Bí ọ̀rọ̀ òkè Matterhorn bá ti délẹ̀, kì í pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi ní afinimọ̀nà kan ló gé okùn, tó jẹ́ kí ẹni mẹ́rin kú kí òun lè yè. Ó ti lé ní 150 ọdún tí wọ́n ti ń sọ ọ́. Ó ń dùn mí gan-an, torí irọ́ ni.

Ọjọ́ 14 oṣù Keje, 1865, ni ẹni méje kọ́kọ́ dé ṣóńṣó òkè náà, tó ga ní mítà 4,478 lẹ́nu ààlà Switzerland àti Ítálì. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, okùn so gbogbo wọn mọ́ra. Michel Croz ló ṣíwájú. Douglas Hadow tẹ̀ lé e, ọmọ ọdún 19 tó jẹ́ pé ọdún yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gun irú òkè bẹ́ẹ̀. Charles Hudson àti Lord Francis Douglas ló kàn, lẹ́yìn wọn ni Peter Taugwalder àgbà, afinimọ̀nà tí wọ́n ń fẹ̀sùn kàn, Edward Whymper, àti Peter kékeré, ọmọ Taugwalder.

Ẹsẹ̀ Hadow yọ̀. Ó ṣubú lu Croz, ìwúwo àwọn méjèèjì sì wọ́ Hudson àti Douglas lọ. Taugwalder àti Whymper gbọ́ igbe Croz, wọ́n rọ̀ mọ́ àpáta. Okùn le tantan, ó sì já láàárín Douglas àti Taugwalder. Ọwọ́ wo ni bàbá yìí fẹ́ fi yọ ọ̀bẹ, nígbà tí ọwọ́ méjèèjì wà lára àpáta?

Whymper kì í ṣe ẹni tó ń gbè é. Òun gan-an ló ń béèrè ìdí tí wọ́n fi lo okùn tí kò lágbára jù nínú oríṣi mẹ́ta tí wọ́n gbé lọ. Orí ṣóńṣó ni Whymper ṣì wà nígbà tí wọ́n so ó. Síbẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé Taugwalder kò lè rí àyè gé okùn nígbà tí ẹsẹ̀ yọ̀, àti pé etí okùn tó wà lọ́wọ́ òun fi hàn pé kò gé e ṣáájú. Ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ náà lóṣù yẹn dá a láre.

Àwọn aládùúgbò Taugwalder ní Zermatt, ìlú Switzerland tó wà nísàlẹ̀ òkè náà, kò gbà. Okùn náà ṣì wà ní mùsíọ́mù ìlú wọn títí dòní, tín-ín-rín báyìí, fún ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i.